ÌWÉ TÓ LÈ PARÍ ÌJÀ ILẸ̀ ÀTI ÌJÀ OYÈ L'ÓṢOGBO ÀTI N'ILÉṢÀ WÀ N'ÌBÀDÀN, Ẹ̀YIN ỌMỌ ONÍLẸ̀, Ẹ WÁ GBỌ́!

Tí ìjà ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìdílé méjì n'Iléṣà, tàbí tí ọba kan wàjà lẹ́bàá Òṣogbo tí ọ̀rọ̀ oyè fẹ́ di wàhálà, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á sáré tọ àgbà kan lọ. Àgbà náà á jókòó, á bu obì sẹ́nu, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn bí bàbá rẹ̀ ṣe kà á fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni pé ìdílé kejì náà ní àgbà tiwọn, ìtàn tí tọ̀hún ń sọ kì í sì í bá ti èyí mu rárá. Onítọ̀hún á ní bàbá àwọn ló kọ́kọ́ tẹ̀dó, ẹnìkejì á ní irọ́ ni, àlejò ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa fà á títí tí wọ́n á fi dé kóòtù, tí ọ̀rọ̀ á sì di ti lọ́yà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé adájọ́ kì í tìtorí pé ẹnìkan mọ ìtàn sọ kó wá gbé ilẹ̀ fún un. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n gbé láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, lọ sí kóòtù àgbà n'Ílùú Ọba, tí wọ́n dá lọ́dún 1957. Kojo àti Bonsie lorúkọ àwọn tó jọ ṣẹjọ́. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ níbẹ̀ ni pé bí ìtàn àtẹnudẹ́nu méjì bá ta kora, kí kóòtù má wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún tí kò tíì jìnnà, kó fi mọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́ nínú ìtàn méjèèjì. Títí dòní ni àwọn lọ́yà ilẹ̀ wa ń pe orúkọ ẹjọ́ yìí ní kóòtù. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 náà tún fi kún un pé ìwé tó bá ti lé ní ogún ọdún, tí wọ́n bá mú un jáde láti ibi tó yẹ kó wà, kóòtù lè gbà pé ojúlówó ni. Ó yé yín báyìí? Ìwé ni wọ́n ń wá!

Níbo wá ni ìwé ọ̀hún wà? Púpọ̀ nínú ẹ̀ ò sí n'Iléṣà, kò sì sí l'Óṣogbo. Ìbàdàn ló wà, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́kadà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. National Archives ni wọ́n ń pè é. Ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ni, gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá sì ní ohun tó fẹ́ wá ló láṣẹ láti wọbẹ̀.

IKÁN LÓ Ń JẸ ÌWÉ ÌJỌBA TẸ́LẸ̀

Kó tó di ọdún 1954, kò sí ilé kan pàtó tí ìjọba Nàìjíríà ń kó ìwé àtijọ́ sí. Lẹ́tà tí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ, àwọn tí bàbá wa ń pè ní D.O., ìwé ẹjọ́, ìwé owó orí, ìwé àdéhùn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kàn ń wọ́ jọ sẹ́yìn ọ́fíìsì. Òjò ń pa òmíì, ikán ń jẹ òmíì. Nígbà tí àyè ò bá sì sí mọ́, akọ̀wé kan lè ní kí wọ́n kó wọn dànù. Bí ìtàn ṣe ń lọ nìyẹn, tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Ibo láti Awka, tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọkùnrin yìí ti lọ sí London láti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ òwò àti ìṣèlú láàrin àwọn ará Niger Delta ló sì ṣèwádìí lé lórí. Ó ká a lára pé tí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ kọ ìtàn ilé ara rẹ̀, àfi kó wọkọ̀ òkun lọ sí Ílùú Ọba lọ ka ìwé, bẹ́ẹ̀ ìwé tó wà nílé ń jẹrà. Ló bá gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọba ní kó yí orílẹ̀-èdè yìí ká, kó wo ohun tó kù. Ó yí i ká lóòótọ́, ohun tó rí ò sì dùn mọ́ ọn. Àbọ̀ tó jẹ́ fún wọn ni wọ́n fi dá ilé ìwé àtijọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 1954, Dike fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe olórí. Òfin tó dá National Archives dúró jáde lọ́dún 1957, wọ́n sì fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1992. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ilé tiwọn ti dúró n'Ìbàdàn. Enugu ń kó ti apá Ìlà-Oòrùn, Kaduna ń kó ti Òkè Ọya, Ìbàdàn sì ń kó ti ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Dike yìí kan náà ló wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀.

KÍ LÓ WÀ NÍBẸ̀ TÓ KAN ÌJẸ̀ṢÀ?

Ẹni tó bá dé yàrá ìwádìí wọn, ìwé orúkọ fáìlì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un. Nínú ìwé orúkọ yìí, àwọn ìwé tó wá láti ọ́fíìsì àjẹ́lẹ̀ Iléṣà wà lọ́tọ̀, wọ́n kọ “Ilesha Div” sí i. Ti Òṣogbo àti àwọn ìlú tó yí i ká, “Oshun Div” ni wọ́n kọ sí i. Ti Ìbàdàn náà wà, nítorí pé abẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n fi Òṣogbo sí fún ọ̀pọ̀ ọdún láyé òyìnbó. “Oyo Prof” náà ò gbẹ́yìn, ibẹ̀ ni lẹ́tà ọ̀gá àwọn àjẹ́lẹ̀ wà. Lẹ́tà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ nílẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ bí Akede Eko tí I. B. Thomas ń tẹ̀ jáde láti ọdún 1928 náà wà níbẹ̀.

Èyí tó máa ń mú ojú àwọn ọmọ oyè ràn jù ni ìwé ìwádìí tí àwọn àjẹ́lẹ̀ kọ láàrin ọdún 1930 sí 1940. Ìjọba òyìnbó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè fi ọba ṣèjọba, wọ́n wá ní kí àjẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ jókòó ti àwọn àgbà ìlú, kó béèrè pé: ta ló tẹ ìlú yìí dó? Ilé wo ló ń jọba? Ta ni afọbajẹ? Ibo ni ààlà yín pẹ̀lú ìlú kejì? Ohun tí wọ́n bá sọ ni òyìnbó ń kọ. Bàbá àwọn bàbá wa ló sọ ọ́, tẹnu wọn ló wà nínú fáìlì títí dòní. Ẹlòmíì máa dé ibẹ̀, yóò rí i pé ohun tí bàbá ńlá òun sọ lọ́dún yẹn kọ́ ni ìdílé òun ń sọ ní kóòtù báyìí.

Àmọ́ o, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí nǹkan bá ti wà nínú ìwé òyìnbó, ó ti di Bíbélì nìyẹn. Àjẹ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ògbufọ̀ ló ń bá a tú u. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó pè jókòó, àwọn tó wà nípò lásìkò náà ni. Ìdílé tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà, tàbí tí ọba ìgbà náà ò fẹ́ràn, orúkọ wọn lè má wọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń sọ pé kéèyàn ka fáìlì méjì mẹ́ta pọ̀. Ìwé ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn kọ tako ìwádìí kan lè wà nínú fáìlì míì, lẹ́tà tí ìlú kejì kọ láti fi jiyàn náà lè wà níbòmíì. Ẹni tó ka ẹyọ kan, apá kan ẹjọ́ ló gbọ́, àgbà ọ̀ṣìkà sì ni ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Àpẹẹrẹ kan wà tó kan Òṣogbo àti Iléṣà pọ̀. Gbogbo ayé ló mọ ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì-Parapọ̀ jà, tí Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ọmọ Iléṣà jẹ́ ọ̀gágun fún Èkìtì-Parapọ̀. Àmọ́ àwọn mélòó ló mọ̀ pé ìwé àdéhùn ni wọ́n fi pa iná ogun náà lóṣù kẹsàn-án ọdún 1886? Nínú ìwé yẹn, wọ́n dárúkọ ìlú mẹ́rin: Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ. Wọ́n ní kí àwọn ìlú náà wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò bá fẹ́ wà níbẹ̀ nínú àwọn ará ìlú lọ sí ọ̀dọ̀ Èkìtì-Parapọ̀. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ọjọ́ kan ló fi jẹ́ pé lábẹ́ òyìnbó, ẹ̀yìn Ìbàdàn àti Ọ̀ṣun ni wọ́n to àwọn ìlú wọ̀nyí sí, kì í ṣe ẹ̀yìn Iléṣà. Ẹni tó bá ń wá ìwé wọn lónìí, tó jókòó ti fáìlì Iléṣà nìkan, á wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.

ÌWÉ TÓ SỌNÙ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Ká má rò pé ìwé kì í sọnù. Ẹni tó kópa nínú àdéhùn Kírìjì yẹn, tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà láti ibùdó kan sí èkejì, ni Àlùfáà Samuel Johnson. Òun ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá ńlá tí gbogbo wa mọ̀. Ó parí ẹ̀ lọ́dún 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Ílùú Ọba. Ibẹ̀ ni ìwé náà gbé sọnù! Johnson kú lọ́dún 1901, kò fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún fi í ránṣẹ́ lọ́dún 1916, ogun àgbáyé kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun, ni wọ́n bá wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di ọdún 1918 kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, ọdún 1921 ló sì tó jáde. Obadiah náà ti kú kó tó jáde. Ká ní Obadiah ò tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílé ni, kí ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Òṣogbo ì bá máa kà nípa ogun ọdún 1840 tí wọ́n fi lé àwọn Ìlọrin padà lẹ́yìn odi Òṣogbo? Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ì bá ti wọlẹ̀.

Tòun ti pé wọ́n kọ ìtàn náà láti ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà náà ò dákẹ́. Lọ́dún 1932, J. D. E. Abíọ́lá àti àwọn tó jọ ṣe é kọ ìwé ìtàn Ìjẹ̀ṣà ní èdè Yorùbá, kí ọmọ wọn má baà máa fi ẹnu ẹlòmíì jẹun. Lẹ́yìn ìgbà náà, òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. D. Y. Peel wá gbé n'Iléṣà, ó gbé ìtàn ẹnu àwọn àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì Ìbàdàn, ó sì kọ ìwé ńlá kan lórí Ìjẹ̀ṣà tó jáde lọ́dún 1983. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tí wọ́n bí sílùú Iléṣà lọ́dún 1933, náà jókòó ti ìwé àtijọ́ kó tó lè sọ bí Ìbàdàn ṣe di alágbára nílẹ̀ Yorùbá. Ibi ìwé lágbára ọ̀rọ̀ wọn wà.

ÀWỌN Ọ̀TÁ MÉJÌ TÓ WÀ LÁBẸ́ ÒRÙLÉ KAN

Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kan náà, láíbìrì ńlá kan wà tí wọ́n fi orúkọ Dike sọ, Kenneth Dike Library. Ìtàn tó wà níbẹ̀ pa ni lẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà kan l'Ékòó, àwọn ọkùnrin méjì kan wà tí wọn kì í fojú rere wo ara wọn. Ọ̀kan ni Henry Carr, ọ̀mọ̀wé tó di ipò ńlá mú lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Èkejì ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, olóṣèlú tí kì í jẹ́ kí òyìnbó sùn. Ìjà wọn le débi pé lọ́dún 1924, Macaulay tẹ ìwé pélébé kan jáde, ohun tó pe àkọlé rẹ̀ ni pé Henry Carr gbọ́dọ̀ lọ!

Carr kú lọ́dún 1945, Macaulay tẹ̀lé e lọ́dún 1946. Carr ní ìwé nílé bíi 18,000, ìjọba rà á, wọ́n sì kó o fún Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948 láti fi bẹ̀rẹ̀ láíbìrì wọn. Lẹ́yìn náà ni ìwé àti lẹ́tà Macaulay tún bọ́ sọ́wọ́ láíbìrì kan náà. Báyìí ni ìwé àwọn ọ̀tá méjèèjì ṣe wà lábẹ́ òrùlé kan, wọn ò sì lè bára wọn jà mọ́. Láti ọdún 1950 ni òfin tún ti ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé Yorùbá kékeré tí ẹnì kankan ò rí rà mọ́ lọ́jà fi lè wà lórí àga ìwé wọn.

Ìjẹ̀ṣà náà ní láíbìrì tí wọ́n lè fi yangàn. Èyí tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ilé-Ifẹ̀, orúkọ ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló ń jẹ́: Hezekiah Olúwásanmí. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i, ó kàwé dé Harvard l'Amẹ́ríkà, òun ló sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1966 sí 1975. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n kó ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò n'Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wá sí Ifẹ̀, lọ́dún 1967. Ó kú lọ́dún 1983, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ifẹ̀ tó kàwé jáde tí kò mọ “Oluwasanmi”. Láti Iléṣà sí ibẹ̀ ò jìnnà rárá.

ÒYÌNBÓ TÓ Ń JẸ́ Ọ̀BỌTÚNDÉ

Òṣogbo wá ńkọ́, Òṣogbo Ìlú Aró? Tiwọn yàtọ̀. Lọ́dún 1950, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Ulli Beier dé sí Yunifásítì Ìbàdàn, òun àti ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, Susanne Wenger. Kò gba kó jókòó sínú ọgbà. Ó lọ sí Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Láoyè tó mọ ìlù lù dáadáa wà lórí oyè, ó lọ sí Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ l'Óṣogbo. Gbogbo ibi tó ń lọ ló ń ya fọ́tò, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ọba, ojúbọ, ọdún ìbílẹ̀, ère, onílù, eléégún. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus lọ́dún 1957. Òun àti Dúró Ládiípọ̀ ló jọ bẹ̀rẹ̀ Mbárí Mbáyọ̀ l'Óṣogbo lọ́dún 1962. Ibẹ̀ ni Jimoh Buraimoh, Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti àwọn yòókù ti gbòde. Ibẹ̀ náà ni eré Ọba Kò So ti gbéra tó fi dé Berlin lọ́dún 1964. Àní ọkùnrin yìí gba Yorùbá mọ́ra débi pé ó kọ eré orí ìtàgé tó sì fi orúkọ Obotunde Ijimere sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ọmọ Yorùbá kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà!

Nígbà tí Beier kúrò, àwọn ìwé àti fọ́tò rẹ̀ ń bá a káàkiri: ó lọ sí Papua New Guinea, ó padà wá sí Ifẹ̀, ó lọ sí Bayreuth ní Jámánì níbi tó ti dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ lọ́dún 1981, ó sì wá fi Sydney ní Australia ṣe ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni pé àkójọ rẹ̀ padà wálé. Nígbà ìjọba Gómìnà Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ l'Óṣogbo lọ́dún 2009, Centre for Black Culture and International Understanding lorúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kó o sí. Wenger kú l'Óṣogbo lọ́dún 2009 yẹn, Beier náà kú ní Sydney lọ́dún 2011.

Ṣùgbọ́n bí ó ti máa ń rí nílẹ̀ wa, òṣèlú ò jẹ́ kí ìwé sinmi. Nígbà tí ìjọba yí padà ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2010, ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ náà di àríyànjiyàn láàrin àwọn olóṣèlú, ó dé ilé aṣòfin, ó sì dé kóòtù. Ẹnikẹ́ni tí ì báà jàre, ohun kan dájú: fọ́tò ò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ooru ń mú un bí ẹ̀yin bá ń jà, ọ̀rinrin ń wọ̀ ọ́ lára bí ẹ ò bá tíì parí ẹjọ́. Fọ́tò ọba tí Beier yà lọ́dún 1950 sí 1960, ọba ọ̀hún ti wàjà, ojúbọ mìíràn ti wó. Tí ti Òṣogbo yẹn bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè lọ tún un yà.

ẸNI TÍ TÍṢÀ RẸ̀ SỌ PÉ DÚDÚ Ò NÍ ÌTÀN

Ìlú ńlá ní òkè òkun ò kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní láíbìrì. L'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Arturo Schomburg, tí wọ́n bí ní Puerto Rico lọ́dún 1874. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé tíṣà rẹ̀ kan sọ fún un ní kékeré pé èèyàn dúdú ò ní ìtàn kankan. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Iṣẹ́ báńkì ló ń ṣe ní New York, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó bá ti kan èèyàn dúdú ló ń rà. Lọ́dún 1926, láíbìrì ìlú New York ra àkójọ rẹ̀ ní 10,000 dọ́là, owó tí ilé-iṣẹ́ Carnegie san, wọ́n sì kó o sí Harlem. Ó ti di ilé ìwádìí ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, ohun tó wà nínú ẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Akọ̀wé báńkì kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe gómìnà.

Èyí tó bani nínú jẹ́ ni ti Cape Town. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2021, iná tó ràn lórí òkè kan ní South Africa já wọ ọgbà Yunifásítì ìlú náà, ó sì jó láíbìrì Jagger níbi tí ìwé ìtàn Áfíríkà wọn wà. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Òyìnbó ní owó, South Africa ní ẹ̀rọ, iná ò wo ìyẹn. Ilé ìwé tiwa tí iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ tó ń bọ̀, kí ló dá wa lójú?

BÓ ṢE YẸ KÍ ẸNI TÓ Ń LỌ MÚRA

Àwọn tó ti ṣe é rí ní ẹni tó fẹ́ lọ sí National Archives n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wá kó tó kúrò nílé. “Mo fẹ́ ìtàn ìdílé wa” ò tó. Ọdún wo ni? Ìlú wo? Ọba wo ló wà lórí oyè? Abẹ́ ọ́fíìsì àjẹ́lẹ̀ wo ni ìlú náà wà nígbà náà? Kó má sì gbàgbé pé bí òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ ni yóò wá a: “Ilesha” àti “Oshogbo” ni wọ́n kọ, kì í ṣe bí àwa ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kó mú lẹ́tà tó sọ irú ẹni tó jẹ́, kó sì mú owó tí wọ́n bá ní kó san. Kó mú pẹ́ńsùlù, torí pé bírò lè ba ìwé àtijọ́ jẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fáìlì jáde. Tó bá jẹ́ ti kóòtù ni, ẹ̀dà tí wọ́n fòǹtẹ̀ lù ni kó béèrè, kì í ṣe èyí tó fi fóònù yà.

Ó lè má rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́ Ìjẹ̀ṣà ní sùúrù? Ṣebí àwọn ni òṣómàáló, tí wọ́n máa ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè títí tó fi máa sanwó. Bí bàbá yín bá lè lóṣòó nítorí owó aṣọ, kí ló dé tí ọmọ ò fi lè jókòó ọjọ́ mẹ́ta nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀?

Ohun tó kù ni èyí tó wà nílé. Nínú àpótí ọ̀pọ̀ bàbá n'Iléṣà àti l'Óṣogbo, ìwé wà níbẹ̀ lónìí: rìsíìtì owó orí, ìwé àdéhùn ilẹ̀, lẹ́tà ẹgbẹ́, fọ́tò ọjọ́ ìwúyè. Bàbá á kú, àwọn ọmọ á dé láti Èkó, wọ́n á pín aṣọ, wọ́n á pín ilẹ̀, wọ́n á sì finá sí “pàǹtí ìwé” tó kù. Ní ọdún kejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ilẹ̀. Ẹ gbé àpótí yẹn kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ikán má baà dé e, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò sẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà ṣì lè dá wọn mọ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Obadiah Johnson ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà Ìjẹ̀ṣà àti ti Òṣogbo máa wò, inú fáìlì ló wà. Fáìlì yẹn sì wà n'Ìbàdàn, ó ń dúró de ẹni tó máa ṣí i kí ikán tó ṣí i.